Wọ́n ní kí Ráṣídà sọ̀ kalẹ̀ lórí kireeni

Ẹ gbà mí o, wọ́n wá tọrọ ìyàwó lọ́wọ́ mi lónìí, níbi tí mo ti ń dirí ní Rye Lane, ní London níbí!

Ráṣídà, ọmọ ọmọ mi, ló ń wa kireeni ràgàjì, ẹ̀rọ agbẹ́rù gíga tí wọ́n fi ń kọ́ ibùdó ìwapo sórí òkun. Obìnrin tó jókòó tì mí ní, "Mummy, ọmọkùnrin wa fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kó fi iṣẹ́ ọkùnrin yẹn sílẹ̀ ká tó so yìgì."

"Iṣẹ́ wo ni ọmọ tiyín ń ṣe?"

"Ó ṣì ń sinmi nílé."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó máa sinmi lọ. Ọmọ tèmi ń gbé irin tó tóbi ju ilé lọ, kò tún lè máa pọn ọkọ."

Ó fi ìbínú jáde, wọn ò tíì dirí rẹ̀ dé ààbọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé mo ṣìwí ni?