Ìdí Tí Ògiri Kò Fi Gẹrun

Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Onígbàjámọ̀ ni. Òun náà ni kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àdúgbò wa, torí náà Kóòṣì la máa ń pè é, títí kan ìyàwó rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò tóbi. Àga kan, dígí kan tó ti là ní igun, bẹ́ńṣì kan fún àwọn tí kò tíì kàn. Èmi, irun mi ti tán, síbẹ̀ orí bẹ́ńṣì yẹn ni mo máa ń wà.

Kóòṣì ò lè wo ojú èèyàn kó sọ ọ̀rọ̀ tó korò. Tó bá fẹ́ yọ ẹnì kan kúrò nínú àwọn tí yóò gbá bọ́ọ̀lù, á ránṣẹ́ sí i: "Wá gẹrun, ọ̀fẹ́ ni." Á so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, á gẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Tó bá ku ẹ̀gbẹ́ kejì, á sọ ọ́ láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀: "O ò ní gbá a ní Sátidé o." Níbo lonítọ̀hún fẹ́ gbà? Ta ló máa gbé ààbọ̀ orí jáde sí ìgboro? Kó tó gẹ ìyókù tán, inú ẹni náà á ti rọ̀. Á dìde, á fọwọ́ pa orí, á ní, "Ẹ ṣé, Kóòṣì." Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ní o wá gẹrun lọ́fẹ̀ẹ́, àyà rẹ á já.

Àbúrò Kóòṣì ni Ògiri, ọmọ ìyá rẹ̀. Ó ń lẹ táyà ní ìkóríta. Ó ti pé ogójì ọdún. Ẹ̀yìn ló máa ń dúró, bọ́ọ̀lù kì í sì í kọjá lára rẹ̀. Kì í sáré. Ibi tí bọ́ọ̀lù ń bọ̀ ló ti máa ń lọ dúró dè é, bí ìyá tó ń dúró de ọmọ tó pẹ́ níta. Kóòṣì ló pọ̀n ọ́n ní kékeré. Kò sí ọwọ́ mìíràn tó gẹ irun rẹ̀ rí. Ní alẹ́ Sátidé, tí bọ́ọ̀lù bá ti parí, ilé Kóòṣì ló ti ń jẹun, wọ́n á sì máa bú ara wọn lórí oúnjẹ.

Ni ọmọ kan bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wẹ́dà tó ń jó irin ládùúgbò wa. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ẹ̀fúùfù la sọ ọ́. Ipò Ògiri ni òun náà ń gbá. Ó yára. Wọ́n lè gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀, kó ti gbà á padà kí ẹni tó gbà á tó mọ̀. Àmọ́ ó máa ń gbàgbé ibi tó yẹ kó dúró sí.

Àṣekágbá wá ń bọ̀, àwa àti ẹgbẹ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Ẹsẹ̀ àwọn yẹn yá bí ajá ọdẹ. Kóòṣì sọ fún mi: "Bàbá, wọ́n máa sá kọjá Ògiri." Ó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé kó wá gẹrun.

Ògiri ní táyà pọ̀ nílẹ̀. Kóòṣì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, Ògiri ní orí ń fọ́ òun. Irun ń hù. Kò lè lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mìíràn, ìyẹn á di ìjà. Irun yẹn kún débi pé àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bi í bóyá ẹyẹ ló fẹ́ gbà lálejò.

Mo kọjá níbẹ̀, mo ní, "Ògiri, o ti sọ orí di igbó."

Kò gbójú sókè lórí táyà. "Bàbá, a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Tí orí mi ò bá ti dé ibẹ̀, kí ni wọ́n máa fá?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Kò sì wá jẹun mọ́ ní Sátidé. Ìyàwó Kóòṣì á gbé àwo mẹ́ta kalẹ̀, á tún gbé ọ̀kan kúrò.

Ọ̀sẹ̀ àṣekágbá, nígbà tí Ògiri kọ̀ tí kò wá, Kóòṣì pe Ẹ̀fúùfù dípò rẹ̀. Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni, ó wá. Kóòṣì gẹ apá ọ̀tún, ó dúró.

"O ò ní gbá a ní Sátidé o."

Ẹ̀fúùfù wò ó nínú dígí. "Kí ni mo ṣe, sà?"

"O ò ṣe nǹkan kan."

"Ẹ sáà sọ pé bọ̀dá Ògiri jù mí lọ, màá jókòó jẹ́ẹ́."

Kóòṣì ò lè sọ ọ́. Kílípà ń kùn. Ọmọ náà bá tú aṣọ lọ́rùn, ó ká a, ó fi í sórí àga, ó jáde. Ààbọ̀ orí! Irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Kílípà ṣì ń kùn lọ́wọ́ Kóòṣì.

Mo ní, "Pa á." Ó pa á.

Mo ní, "Èyí tó jẹ́ ìpè lo fá. Èyí tó yẹ kó o fá wà ní ìkóríta."

Ó ní, "Bàbá, èmi ni mo pọ̀n ọ́n."

Mo gba kílípà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, Ẹ̀fúùfù gbé orí náà wá sí pápá bẹ́ẹ̀. Apá kan dán, apá kan dúdú. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀: "Ta ló jẹ ọ́ kù?" "Ṣé iná ló lọ ni?" Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀. Ògiri dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wo orí yẹn. Ó mọ orí ẹni tó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Kóòṣì ò tíì gbálẹ̀ tán tí Ògiri fi wọlé, ó jókòó sórí àga.

"Ẹ káàárọ̀, bọ̀dá mi. Ẹ gẹ ẹ́."

Kóòṣì mú ìyarun. Ìyarun há. Ó fà á.

"Ẹ rọra! Orí èèyàn ni o!"

"Ta ló ní kó o máa dáko sórí?"

Ó gẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Irun ń já sílẹ̀ ní ìdì ìdì. Ó débi tó ti máa ń sọ ọ́. Ó nu dígí tí kò dọ̀tí.

"Ẹ sọ ọ́," Ògiri wí. "Mi ò ní dìde."

Kóòṣì yí wá síwájú àga. N ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó wo àbúrò rẹ̀ lójú. "O ò ní gbá a ní Sátidé. Ẹsẹ̀ rẹ ò gbé e mọ́."

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀. Ẹ gẹ ẹ̀gbẹ́ kejì."

Ẹ̀fúùfù ló gbá a. Ó kọ̀ kí wọ́n gẹ ìyókù orí rẹ̀, ó ní ó di ẹ̀yìn àṣekágbá. Kò pẹ́ tó fi sáré kúrò níbi tó yẹ kó wà, àwọn ọlọ́ṣẹ gba ibẹ̀ kọjá, góòlù. Gbogbo wa wo Kóòṣì. Kóòṣì wo ilẹ̀. Ògiri ló dìde lórí bẹ́ńṣì tó ń pariwo létí pápá: "Padà! Òsì! Má lọ bá a, jẹ́ kó wá bá ọ!" Ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ mọ́ títí dópin. Ohun tó bá wí lọmọ yẹn ń ṣe, ẹsẹ̀ tí Ògiri ò ní mọ́ ló sì fi ń ṣe é. Wọn ò rí ọ̀nà kọjá mọ́. Àwa náà jẹ góòlù kan. Ọ̀mì ni. Wọ́n ní ká wá tún un gbá.

Àwọn kan ní ká ní Ògiri ni, góòlù yẹn ò ní wọlé. Àwọn kan ní ká ní Ògiri ni, mẹ́ta ni ì bá wọlé. Èmi ò mọ̀.

Kóòṣì délé, ó jókòó ti oúnjẹ, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ó pẹ́ kí Ògiri tó wọlé. Ohùn rẹ̀ ti há látàrí ariwo tó pa ní pápá, kò lè kí ẹnikẹ́ni. Ó kàn na ọwọ́ sí àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Búrẹ́dì àti ẹyin díndín ni Kóòṣì jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹyin mẹ́ta ni ìyàwó rẹ̀ dín fún un. Ògiri jẹ méjì níbẹ̀.