Ajílẹ̀ Ló Pa Pẹ́pẹ́yẹ

A ti sin Pẹ́pẹ́yẹ. Ọkùnrin tó kọ́ ìdajì ìlú yìí ní ìlúwẹ̀ẹ́ kú sínú adágún tó ti kọ́ wa, ní ọ̀sán gangan, níṣojú àwa tó kọ́. Alága kánsù wá síbi ìsìnkú pẹ̀lú awò dúdú lójú, ó ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ẹ jẹ́ kí n bá Ọlọ́run jẹ́rìí: kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Èmi ò tíì rí ọjọ́ tí Ọlọ́run gbé àpò ajílẹ̀ sí èjìká.

Ìrìn rẹ̀ la fi sọ ọ́ ní Pẹ́pẹ́yẹ. Tó bá wà lórí ilẹ̀, ìdí rẹ̀ á máa mì sọ́tùn-ún mì sósì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa wọ́ nílẹ̀, àánú rẹ̀ á máa ṣe èèyàn. Àmọ́ jẹ́ kó kan omi. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ bá a, mo ti dàgbà, mo ti sanra, omi inú báàfù gan-an ń bà mí lẹ́rù. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Fọkàn balẹ̀. Irú ara tìrẹ yìí ò lè rì. Ọlọ́run ti fún ẹ ní táyà tìẹ." Inú bí mi débi pé mo gbàgbé ẹ̀rù. Kí n tó mọ̀, mo ti léfòó.

Nígbà yẹn, omi á mù ọ́ dé ọrùn, wàá ṣì máa rí ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ. Lẹ́yìn náà ni kánsù gbin koríko láti orí òkè títí dé etí omi, kí àlejò lè rí nǹkan yìn. Gbogbo ìgbà tí òjò bá ti ṣú ni wọ́n ń da ajílẹ̀ sí i. Òjò á rọ̀, àgbàrá á gbá ajílẹ̀ lọ, á gbá ìgbẹ́ ajá kún un, á gbá ìfófòó ọṣẹ níbi tí wọ́n ti ń fọ mọ́tò, gbogbo rẹ̀ á gba gọ́tà wọnú adágún. Ta ló máa sọ fún ajílẹ̀ pé koríko orí ilẹ̀ nìkan ni wọ́n rán an sí? Ó bọ́ tinú omi náà, ó bọ́ ọ yó. Omi di aláwọ̀ ewé, ó ki bí ẹ̀kọ. Ẹja ń kú, koríko abẹ́ omi ń ta bí okùn.

Èmi àti Pẹ́pẹ́yẹ jọ lọ sí ọ́fíìsì Alága.

"Alága, omi yẹn ti dí," ó sọ. "Mi ò rí ẹsẹ̀ àwọn tí mò ń kọ́ mọ́."

Alága rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ mi, ṣé ẹsẹ̀ wọn lò ń wò ni? Àwọ̀ ewé ò wá dáa?"

"Ẹ kàn sọ pé kí wọ́n má da ajílẹ̀ mọ́ lásìkò òjò. Kí igbó díẹ̀ hù létí omi, kó máa dá àgbàrá dúró."

"Igbó kẹ̀? Níwájú àlejò?"

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n gbé pátákó kan síbẹ̀ pé a ò gbọdọ̀ lúwẹ̀ẹ́ mọ́. Bí wọ́n ṣe gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wa nìyẹn. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé àlejò ṣe ìgbafẹ́ lórí adágún ò dúró ṣá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, àlejò kan dìde nínú ọkọ̀ kó lè ya ara rẹ̀ ní fọ́tò, ló bá já sómi. Pẹ́pẹ́yẹ bọ́ bàtà, ó wọlé. Ó ti ọkùnrin náà sókè títí tí wọ́n fi fà á sínú ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ò jáde. Koríko ti wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo àwa tó kọ́ bẹ́ sómi. Mo lajú sábẹ́ omi, àwọ̀ ewé nìkan ni mo rí. Mo ń táràrà, mo bá di ọwọ́ kan mú, inú mi dùn. Ọwọ́ ẹlòmíì tó ń wá a ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Alága lọ kí ìyàwó Pẹ́pẹ́yẹ tó jẹ́ aránṣọ. Ó ní kánsù máa ṣe pápá ìrántí fún ọkọ rẹ̀, tí koríko rẹ̀ máa tutù ju ti gbogbo ìlú lọ.

Obìnrin náà fi eyín já òwú. "Ẹ ṣeun, Alága. Kí lẹ máa fún koríko náà jẹ?"

Ọ̀gá tó ń tọ́jú ọgbà kánsù, tó tẹ̀ lé Alága wá, tí ò gbọ́n tó láti dákẹ́, dáhùn pé, "Ajílẹ̀ ni, mà."

"Ẹ tún un sọ, sà, kí ọkọ mi lè gbọ́."



Ó dáa, èmi náà ní ìbéèrè tèmi. Ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa da ajílẹ̀ lásìkò òjò lẹ́yìn tí ẹni tó mọ omi ti kìlọ̀? Ta ló rí i pé adágún ò ṣeé lúwẹ̀ẹ́, àmọ́ tó ní ó ṣeé fi àlejò sí? A fẹ́ kí wọ́n jókòó níwájú wa, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́. A fẹ́ kí àpò ajílẹ̀ kúrò létí omi, kí gọ́tà yà kúrò nínú adágún. Kí wọ́n tó ṣe é, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ orúkọ Pẹ́pẹ́yẹ sórí koríko kankan.

Alága, àwa tó kọ́ ń bọ̀ ní gbọ̀ngán yín lọ́jọ́ Ajé. Ẹ má wulẹ̀ fún wa ní omi tútù. Orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i la ń bọ̀ wá gbà.