Ọmọ Ẹ̀yìn Ní Kíláàsì

Lẹ́yìn òmìnira, èmi àti bàbá mẹ́fà míì la wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ní Ifangni. Mo ṣì mọ orúkọ gbogbo wọn. A ṣòfin pé ọmọ tó bá ń pa ilé-ìwé jẹ lọ́jọ́ ọjà, a ó lé e. Àṣé ọmọbìnrin tèmi ni òfin náà máa kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń gbé àbúrò rẹ̀ pọ̀n bí ìyá wọn bá lọ tajà ní Igolo.

Ìyàwó mi wá bá wa nípàdé. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní kí a jẹ́ kí ọmọ náà máa pọn àbúrò rẹ̀ wá sí kíláàsì.

Ọ̀gá ilé-ìwé ní, “Ìyá, ibí kì í ṣe ibi tí wọ́n ń pọn ọmọ.”

“Ó dáa, ọ̀gá. Ẹ yá mi ní ẹ̀yìn yín lọ́jọ́ ọjà.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọ̀gá náà sì rẹ́rìn-ín. A gbà fún un, bí ọmọ kò bá ti sunkún.

Ọmọbìnrin náà gba sẹ́tífíkà, ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú lóṣù tó kọjá, òun ló bá mi kọ orúkọ ìyá rẹ̀ sínú ìwé òkú ní bíró ìjọba.