Tẹlifíṣọ̀n Tí Mo Mọ̀ọ́mọ̀ Fi Sílẹ̀ Láìtúnṣe

Òórùn lẹ́ẹ̀dì gbígbóná tí a fi ń jó wáyà pọ̀ ni mo fi mọ ara mi lọ́kùnrin. Mi ò kàwé dé ibi kankan, ṣùgbọ́n láti Ìbà títí dé Ọjà Àlàbá, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ni tẹlifíṣọ̀n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu? Èmi ni. Ìsọ̀ mi wà ní Okokomáìkò, níwájú pápá kékeré kan tí ewúrẹ́ ti máa ń sinmi, mo sì gbà pé tẹlifíṣọ̀n tí mo bá ti fọwọ́ kàn kò gbọdọ̀ kú mọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin oníṣẹ́ ọnà kan já ẹrù sí pápá náà: òkú tẹlifíṣọ̀n onídìí ńlá, tó ṣà jọ lẹ́yìn Àlàbá. Ó tò wọ́n léra títí wọ́n fi ga ju òrùlé ìsọ̀ mi lọ. Mo bi í pé kí lèyí. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa.

"Iṣẹ́ ọnà ni, sà. Inú mùsíọ́mù ni wọ́n máa ń tì í mọ́. Èmi fẹ́ kó wá bá yín ládùúgbò. Ní Sátidé, àwọn àlejò mi máa wá wò ó."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tíì jìnnà tí onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi fi yọjú. "Ọ̀gá mi, ẹ kú ará fẹ́ra kù o! Ṣé àwọn tó kú sí yín lọ́wọ́ lẹ tò síta yìí?"

Àwọn tó ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan ti wá gba rédíò rẹ̀ padà, ó ní òun ò fẹ́ kí tòun bá wọn wọ ibojì. Orúkọ tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ fẹ́ wó lulẹ̀ lójú mi!

Mo gbé irinṣẹ́, mo gun àkàbà, mo ń ṣí wọn nídìí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo yọ ẹ̀yà lára àwọn àlòkù inú ìsọ̀ mi, mo fi wò wọ́n sàn. Kí Sátidé tó dé, gbogbo wọn ti jí, àfi ọ̀kan nísàlẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣì dúdú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Mo tan jẹnẹrétọ̀. Bọ́ọ̀lù ń lọ nínú èyí, oníwàásù ń làágùn nínú tọ̀hún, orogún méjì ń jà nínú fíìmù tó wà lókè pátápátá. Àdúgbò gbé àga wá. Ọmọbìnrin náà dé pẹ̀lú àwọn àlejò, ó káwọ́ lérí.

"Bàbá! Ta ló jí wọn dìde?"

"Má wulẹ̀ dúpẹ́, ọmọ mi."

"Òkú ni mo fẹ́, sà! Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn ni iṣẹ́ náà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bà wọ́n jẹ́ padà."

"Kí n bà wọ́n jẹ́ kẹ̀? Ọwọ́ yìí ò mọ bí wọ́n ṣe ń ba nǹkan jẹ́."

"Ó mọ̀ ọ́n o!" ni onígbàjámọ̀ ké. "Ẹ bi mí nípa fáànù mi!"

Àfi bí bàbá kan lára àwọn àlejò ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú èyí tó kú, tó tẹ́tí sí i. Ó ní, "Nínú gbogbo ariwo yìí, eléyìí nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀." Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin náà nu ojú, ó yíjú sí mi.

"Kí ló dé tí ẹ fi èyí sílẹ̀, sà?"

Onígbàjámọ̀ na ọrùn. Gbogbo àdúgbò ń wo ẹnu mi.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ ni," ni mo wí. "Iṣẹ́ ọnà ni."

Inú rẹ̀ dùn débi pé nígbà tó ń kó ẹrù lọ, ó fi ìyẹn ta mí lọ́rẹ. Ó wà níwájú ìsọ̀ mi títí dòní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti Ọ̀jọ́ wá fi fóònù yà á. Láti ìgbà náà, kò tún sí tẹlifíṣọ̀n tí agbára mi ò ká. Èyí tó bá kọ̀, mo máa ń gbé e jókòó ti ẹ̀bùn náà, mo sì ń ṣàlàyé fún oníbàárà pé tirẹ̀ ti di iṣẹ́ ọnà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá pọ́n, tí ojú ọ̀nà dá, mo máa ń ṣí ìdí ẹ̀bùn náà yẹ̀ wò díẹ̀. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tún un ṣe o. Mo kàn ń kí i ni.