Wáyà Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi So

Bàálù ọ̀gá mi ti ń sọ̀ kalẹ̀ sórí oko àgbàdo kí n tó rántí wáyà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ìwé ò wọ orí mi, orí náà ò sì wá ìwé lọ. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ iṣẹ́ iná ní pólì kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sílé. Ọ̀gá Káyọ̀dé, tí wọ́n ní oko ńlá ní Lágelú, ló gbà mí síṣẹ́. Wọ́n ní bàálù kékeré tó ń gba ẹni méjì péré. Wọ́n á fi fò sún mọ́lẹ̀ gan-an, kí wọ́n lè rí ibi tí kòkòrò tàbí màálù ti jẹ àgbàdo. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà tí wọ́n máa gbà, kí n wo ohun tí wọ́n lè kọlù. Lẹ́yìn náà, màá dúró létí oko pẹ̀lú àsíá méjì: funfun ni "ẹ máa bọ̀," pupa ni "ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o."

"Wáyà ni kó o máa wá," wọ́n kìlọ̀ fún mi. "Èèyàn kì í rí wáyà látòkè. Òpó là ń wò. Tá a bá ti rí òpó, a mọ̀ pé wáyà wà níbẹ̀."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Iṣẹ́ iná ni mo kọ́."

Ẹ wo ẹnu!

Lọ́sẹ̀ kejì, Ìyá Múfú, tí wọ́n ń ṣe gàrí lábúlé ẹ̀gbẹ́ oko wa, ní kí n bá àwọn fa iná dé ìdí ẹ̀rọ àwọn. Òpó ò sí. Mo gun ọ̀pẹ kan, mo gun èkejì, mo na wáyà láàárín wọn, ó gba orí oko kọjá. Wọ́n fún mi ní gàrí kóńgò kan, mo ń yan lọ sílé bí ẹni tó joyè.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní ṣebí ọ̀nà àná náà ni. Mi ò rìn ín. Mo jókòó, mo ń mu gàrí. Bí bàálù ṣe yọ, mo na àsíá funfun. Ìgbà yẹn lojú mi bá ọ̀pẹ méjì yẹn.

Ọ̀pẹ lásán lọ̀gá mi máa rí!

Mo wá àsíá pupa, mi ò rí i. Mo ti jókòó lé e níbi tí mo ti ń mu gàrí. Mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo ń fì í. Aláwọ̀ ewé ni, nínú àgbàdo! Ni mo bá sáré bọ́ sáàárín oko, mò ń fò, mò ń ké bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Bàálù gbórí sókè lójijì. Táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan wáyà. Atẹ́gùn rẹ̀ gbé mi ṣubú.

Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n rìn wá tààrà.

"Ta ló so wáyà yẹn?"

Ó wù mí kí n sọ pé afẹ́fẹ́ ni. "Èmi ni, sà."

"Ọmọ mẹ́ta ló ń retí mi nílé, Láńre."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín àgbàdo.

"Lọ tú u. Màá ri òpó gidi fún Ìyá Múfú gba ẹ̀gbẹ́ títì. Látọ̀la, ìwọ náà á máa jókòó tì mí nínú bàálù."

"Ta lá wá máa na àsíá, sà?"

"Ìyá Múfú."

Látìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń rin ọ̀nà yẹn kí n tó wọ bàálù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí ìyàwó ilé kan létí oko tú okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí.

"Bọ̀dá, okùn tí ò ga tó orí mi?"

"Mo mọ̀, mà. Ẹ ṣáà bá mi tú u."