Ìyá Àgbà àti Agolo Mẹ́fà

Kékeré ni mo wà ní ìlú Ìrókò, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ìwé girama ni, nígbà tí tísà sáyẹ́ǹsì wa ní kí oníkálùkù lọ wádìí ohun kan fúnra rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má gba ti bàbá yín gbọ́, ẹ má gba tèmi náà gbọ́. Ẹ fojú ara yín rí i." Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ni yóò bá wọn lọ sí Ìbàdàn, lọ fi han àwọn ilé-ìwé yòókù. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ ohun tí Ìbàdàn jẹ́ lójú ọmọ oko nígbà náà. Àkàrà gbígbóná pàápàá ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi mọ́.

Agolo mẹ́fà ni mo gbin àgbàdo sí lẹ́yìn ilé ìdáná. Mò ń bu ìgbẹ́ adìẹ sí mẹ́ta, omi lásán ni mò ń fún mẹ́ta yòókù, kí n lè mọ̀ bóyá lóòótọ́ ni ìgbẹ́ adìẹ ń jẹ́ kí àgbàdo tètè dàgbà. Láràárọ̀ ni mò ń fi rúlà wọ̀n wọ́n. Nítorí òórùn ọwọ́ mi nígbà náà, àwọn àbúrò mi ò jẹ́ bá mi jẹun nínú àwo kan náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, bákan náà ni gbogbo wọn ga. Mo bá dúró níwájú kíláàsì, mo ní ìwádìí mi fi hàn pé ìgbẹ́ adìẹ kò ṣe àgbàdo lóore kankan. Ọmọ àgbẹ̀ ni gbogbo wa. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí aago fi lu. Bàbá mi, tó ti ń kó ìgbẹ́ adìẹ lọ sóko kí wọ́n tó bí mi, ní ṣé ohun tí ìwé kọ́ mi nìyẹn. Tísà nìkan ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn wá sílé wa.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ń yan ẹ̀pà lọ́wọ́. Tísà dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni máa ń fọwọ́ kan agolo mi.

"Èmi ni," ni Ìyá Àgbà dáhùn, ẹ̀rù ò tilẹ̀ bà wọ́n. "Ọmọ yìí á bọ́ ọmọ ìyálé, á febi pa ọmọ ìyàwó. N ò lè gba irú ojúsàájú bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí. Tó bá ti lọ sílé-ìwé ni mo máa ń bu ìgbẹ́ tiwọn fún àwọn mẹ́ta yòókù."

Tísà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ẹkún lèmi ń sun ní tèmi, nítorí ọmọkùnrin tó wádìí bí èèrà ṣe ń rìn ló lọ sí Ìbàdàn. Inú bí mi débi pé n kò kí Ìyá Àgbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì, pàṣán bàbá mi ló rán mi létí. Tísà ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, kí n má yọ Ìyá Àgbà kúrò níbẹ̀.

Èmi náà kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á gbé iṣẹ́ tó ń dán wá, tí wọ́n wò lórí fóònù. Kò ní àṣìṣe, ọwọ́ wọn ò sì rùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá tí ọmọ ọmọ mi ní kí n bá òun wo tirẹ̀, ìbéèrè kan péré ni mo bi í: "Ta ni aláàánú ilé yín tó máa ń fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ?" Ó ní kì í sẹ́nì kankan nílé, gbogbo wọn máa ń lọ síbi iṣẹ́. Àárò Ìyá Àgbà sì sọ mí.