Agbáyun Ẹ̀gbọ́n Bàbá Mi

Ó ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá rí agbáyun pupa lórí àtẹ, mo máa ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin lẹ́yìn mi: "Ìgbà wo lẹ rí ẹyẹ tó fọ́jú? Èso ni wọ́n ń jẹ."

Lẹ́yìn ikú bàbá mi, òun ló ń pàṣẹ ní agbo ilé wa ní Òkè-Ògbó. Nígbà tí awọ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú ìyá mi, ó ní èso ni yóò là á. Àràárọ̀ ló ń ká agbáyun bọ̀ láti oko kòkó, tí yóò dúró ti ìyá mi títí yóò fi jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, mo sì ti di tíṣà. Mo ní ká gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù.

"Tíṣà, ṣé ṣọ́ọ̀kì lo fẹ́ fi la ojú ìyá rẹ?"

Ìyá mi kò lè jiyàn. Ọkọ ni ìyàwó ń pe ọmọ ilé, ìbáà ṣe obìnrin. "Ẹ ṣé, ọkọ mi," ni yóò wí, yóò sì la ẹnu.

Èso dára fún ojú, èmi náà fi kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ojú ìyá mi fọ́ pátápátá kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé.

Lọ́dún kejì, awọ kan náà yọ lójú ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Kò já agbáyun kankan. Aṣọ ìróde ló wọ̀, ó sì jókòó síwájú lọ́rì tó ń lọ sí ọsibítù. Ìyá mi fọwọ́ wá ògiri títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà.

"Ó dàbọ̀, ọkọ mi," ló wí. "Ẹ bá mi wo ọ̀nà dáadáa."